Èéfín Tí Ojú Kò Rí

Ojú ni Yorùbá fi ń dá èéfín mọ̀. Òwe àwọn àgbà tí ó ní èéfín ni ìwà kò ní ìtumọ̀ kankan bí kò ṣe pé gbogbo ènìyàn ti gbà tẹ́lẹ̀ pé èéfín kò ṣeé bò mọ́lẹ̀: bí ó ti wù kí onílé ti ilẹ̀kùn tó, yóò gba òrùlé yọ, aládùúgbò yóò sì rí i. Ẹni tí ó bá wí pé kò sí èéfín láìsí iná, orí ìgbàgbọ́ kan náà ni ó dúró lé. Ẹlẹ́rìí ni èéfín jẹ́ nínú èdè yìí. Òun ni ó ń tú àṣírí iná. Àní ìpalára tí a sábà ń kà sí i lọ́rùn, ojú ni ó ń ṣe é sí: èéfín ta obìnrin lójú nídìí ààrò, omijé bọ́, ó nù ún nù, ó sì ń bá oúnjẹ rẹ̀ lọ. Ohun tí èéfín náà ń ṣe nínú ẹ̀dọ̀fóró obìnrin yìí, níbi tí ojú kò lè dé, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí nínú òwe rárá.

Ìdí tí ó fi yẹ kí a tún ìgbàgbọ́ yìí yẹ̀ wò ni pé èyí tí ó pọ̀ jù nínú èéfín tí ń ṣe ènìyàn ní ibi ní àwọn ìlú ńlá òde òní ti bọ́ lọ́wọ́ ojú. Ó ń ti ìdí ọkọ̀ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ tán jáde. Kò ní àwọ̀ tí ènìyàn lè tọ́ka sí, bẹ́ẹ̀ ni kì í pa ẹnikẹ́ni lẹ́kún lójú ẹsẹ̀. Ohun tí ojú kò bá rí, ẹnu ni a ó fi fi í hàn. Nítorí náà ni ìjà àwọn ará àdúgbò lórí afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń mí fi di ìjà lórí ọ̀rọ̀: orúkọ wo ni a ó pe ohun náà, ta ni yóò pè é, etí ta ni yóò sì gbọ́? Ìwé tí ó fi èyí hàn jùlọ kì í ṣe ewì tàbí ìtàn àròsọ. Ìwé ilé ẹjọ́ ni, èyí tí adájọ́ olùwádìí ikú kan ní Southwark ní Lọ́ńdọ̀nù kọ ní ọdún 2020 àti 2021. Kò sí ohun tí ó ní kí akẹ́kọ̀ọ́ èdè má fi ojú lámèyítọ́ wò ó, pàápàá nígbà tí ó jẹ́ pé Southwark yìí ni Peckham wà, ibi tí àwọn ọmọ Yorùbá pọ̀ sí tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ènìyàn ń pè é ní Èkó Kékeré.

Lọ́ńdọ̀nù ti bá èéfín tí ojú rí jà rí. Láti ọjọ́ 5 sí ọjọ́ 9 oṣù Kejìlá ọdún 1952, òtútù mú gan-an, afẹ́fẹ́ kò fẹ́, èéfín èédú láti inú ilé àti ilé iṣẹ́ kò sì rí ọ̀nà gòkè. Ó dà pọ̀ mọ́ kùrukùru, ó bo ìlú mọ́lẹ̀. Àwọn tí ó ń rìn kò rí ẹsẹ̀ ara wọn. Ní ilé eré Sadler's Wells, a ní láti dá eré dúró nítorí pé èéfín ti wọ inú ilé, àwọn òǹwòran kò sì rí àwọn eléré mọ́. Iye tí a kọ́kọ́ kà nínú àwọn tí ó kú tó 4,000. Àwọn onímọ̀ tí ó tún ìṣirò náà ṣe lẹ́yìn náà ní ó lè tó 12,000. Nígbà tí ikú kò dáwọ́ dúró lẹ́yìn tí kùrukùru ti ká kúrò, àwọn aláṣẹ ní àrùn fulúù ni ó fà á. Níkẹyìn, ní ọdún 1956, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ṣe Òfin Afẹ́fẹ́ Mímọ́.

Ẹ wo bí a ṣe kọ òfin náà. Ohun tí ó kà léèwọ̀ ni pé kí èéfín dúdú máa ti ọ̀pá èéfín orí ilé jáde. Báwo ni a ó ṣe mọ èyí tí ó dúdú? Òfin tọ́ka sí páálí kan tí Ringelmann, ọ̀jọ̀gbọ́n ará Faransé, ti gbé kalẹ̀ ní ọ̀rúndún tí ó ṣáájú, tí a fi ìlà dúdú ya ní ìpele-ìpele. Àwọ̀ inú páálí yìí ni ẹni tí ń ṣọ́ èéfín yóò fi wé àwọ̀ èéfín tí ó ń gòkè. Ojú ènìyàn ni a fi ṣe adájọ́. Ní ọ̀nà yìí, òfin Òyìnbó àti òwe Yorùbá sọ ohun kan náà: èéfín tí ó bá hàn ni èéfín. Òfin náà ṣe iṣẹ́ ńlá, ọ̀run Lọ́ńdọ̀nù sì là. Ó yẹ ní kíkíyèsí pé ní ọdún 1956 kan náà ni Sam Selvon, ọmọ Trinidad, tẹ ìwé The Lonely Londoners jáde, tí ó fi kùrukùru ìlú náà ṣí i. Ohun tí àlejò kọ́kọ́ ń rí ni. Àlejò tí ó bá dé Lọ́ńdọ̀nù lónìí kò ní rí irú rẹ̀ mọ́, yóò sì rò pé ọ̀ràn náà ti tán.

Àṣìṣe tí ó tẹ̀lé e ti ọwọ́ àwọn tí ó fẹ́ ṣe rere wá. Ní ọdún 2001, ìjọba Bìrìtìkó bẹ̀rẹ̀ sí fi ìwọ̀n káríbọ́ọ̀nù dayọ́sáìdì tí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ń tú jáde díwọ̀n owó orí tí olówó rẹ̀ yóò san lọ́dọọdún, nítorí pé afẹ́fẹ́ yìí wà lára ohun tí ń mú ayé gbóná. Ẹ́ńjìnì dísẹ́ẹ̀lì kì í jẹ epo tó ti bẹntiróòlù lórí ìrìn kan náà. Owó orí tirẹ̀ sì kéré. Ní ọdún 2001, dísẹ́ẹ̀lì kò tó ẹyọ kan nínú ọkọ̀ tuntun 5. Nígbà tí yóò fi di ọdún 2012, ó ti tó ìdajì. Ṣùgbọ́n naitirójìn dayọ́sáìdì àti eruku kíkúnná tí ń wọ inú ẹ̀dọ̀fóró, dísẹ́ẹ̀lì ń tú wọn jáde ju bẹntiróòlù lọ. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2015 ni àṣírí tú pé ilé iṣẹ́ Volkswagen ti fi ọgbọ́n ẹ̀tàn sí inú ọkọ̀ rẹ̀, kí ó lè dà bí ẹni pé ó mọ́ nígbà tí a bá ń dán an wò. Ọ̀rọ̀ kékeré yìí, ‘mọ́’, ni ó gbé ẹrù méjì tí kò jọra: ọkọ̀ tí a ní ó mọ́ fún ojú-ọjọ́ gbogbo ayé kò mọ́ fún ọmọ tí ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá lọ sí ilé ìwé. Ẹni tí ó bá ń sọ̀rọ̀ nípa méjèèjì ní èdè Yorùbá, tí kò bá ya ọ̀kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì, yóò ṣubú sínú ihò kan náà.

Ní Lewisham, ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, ọ̀nà ńlá tí a ń pè ní South Circular gba àárín ilé àwọn ènìyàn kọjá. Ilé tí Ella Adoo-Kissi-Debrah gbé kò jìnnà sí ọ̀nà yìí ju nǹkan bí 30 mítà lọ. Láàárín nǹkan bí ọdún 3, ó tó nǹkan bí ìgbà 30 tí a gbé ọmọ náà lọ sí ilé ìwòsàn nítorí àrùn ásímà. Ó kú ní ọjọ́ 15 oṣù Kejì ọdún 2013, ọmọ ọdún 9. Bí ó bá jẹ́ pé láàárín Yorùbá ni, ọ̀rọ̀ tí àwọn àgbààgbà yóò sọ fún ìyá rẹ̀, Rosamund, kò ṣòro láti mọ̀: omi ni ó dànù, agbè kò fọ́. Ọ̀rọ̀ ìtùnú tí ó dára ni, ó sì ti gbé ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìyá dìde kúrò lórí ẹní. Síbẹ̀, ó ní àbùkù kan tí a kì í sọ: ó ń ti ilẹ̀kùn ìwádìí. Agbè ni ó ní kí ìyá máa wò. Kò ní kí ó béèrè ohun tí ó gbo omi dànù. Ìyá yìí béèrè.

Ìwádìí àkọ́kọ́, ní ọdún 2014, sọ pé mímí rẹ̀ kọṣẹ́ nítorí ásímà líle. Kò sí irọ́ níbẹ̀. Ní ọdún 2018, Ọ̀jọ̀gbọ́n Stephen Holgate, onímọ̀ nípa ásímà, fi ọjọ́ tí a gbé ọmọ náà lọ sí ilé ìwòsàn wé àkọsílẹ̀ ẹ̀rọ tí ń wọn afẹ́fẹ́ ní Catford nítòsí ibẹ̀, ó sì rí i pé wọ́n bára mu. Ní ọdún 2019, ilé ẹjọ́ gíga pa ìdájọ́ àkọ́kọ́ rẹ́. Ìwádìí kejì parí ní ọjọ́ 16 oṣù Kejìlá ọdún 2020, níwájú Philip Barlow.

Nínú ìwé tí a fi ń kọ ohun tí ó fa ikú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìlà kan ń tẹ̀lé èkejì, ìlà ìsàlẹ̀ ni ó sì ń fa ti òkè. Ìlà kìíní tí adájọ́ yìí kọ ni pé mímí kọṣẹ́. Ìlà kejì, ásímà líle. Ìlà kẹta, ìfarakááṣá afẹ́fẹ́ tí a ti bà jẹ́. Ẹni tí ó bá kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀ ń rìn padà sẹ́yìn: láti orí ibùsùn ilé ìwòsàn dé inú ẹ̀dọ̀fóró, láti inú ẹ̀dọ̀fóró dé ojú títì. Ìwádìí ọdún 2014 dúró ní ìlà kejì. Nínú ìlà kan ṣoṣo tí a fi kún un ni gbogbo iṣẹ́ ìyá náà àti àwọn agbẹjọ́rò rẹ̀ wà, a kò sì tíì kọ irú rẹ̀ rí sínú ìwé ikú ẹnikẹ́ni ní Bìrìtìkó. Òǹkọ̀wé tí ń wá àpẹẹrẹ bí ọ̀rọ̀ díẹ̀ ṣe lè gbé ẹrù púpọ̀ kò ní láti jìnnà.

Bí a bá gbìyànjú láti sọ ìdájọ́ náà ní Yorùbá, ohun méjì yóò yọ jáde. Èkíní ni ti ìbéèrè fúnra rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì a máa béèrè ohun tí òkú náà fi kú, bí ẹni pé òkú ni ó ṣe é. Yorùbá a béèrè pé, ‘Kí ni ó pa á?’ Ìbéèrè yìí kò jẹ́ kí ikú wà láìní ohun tí ó ṣe é. Èkejì ni ti ọ̀rọ̀ náà, ‘ìfarakááṣá’. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí adájọ́ lò níbẹ̀ kò ní ẹ̀bi nínú. A lè lò ó fún oòrùn tàbí òjò. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fara kááṣá nǹkan, ohun tí ẹlòmíràn dá sílẹ̀ ni ó sábà ń dé bá a. Nínú ohun méjèèjì, Yorùbá sún mọ́ ohun tí ìyá náà ń béèrè ju èdè tí a fi dá ẹjọ́ rẹ̀ lọ.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe tìtorí èyí yangàn, nítorí ibì kan wà tí Yorùbá gbọ́dọ̀ ṣọ́ra. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2021, adájọ́ kan náà kọ ìwé mìíràn láti dènà irú ikú bẹ́ẹ̀. Ó tọ́ka sí i pé ìwọ̀n eruku kíkúnná tí òfin Bìrìtìkó fàyè gbà ga ju èyí tí Àjọ Ìlera Àgbáyé dámọ̀ràn lọ. Pé àwọn ará ìlú kò mọ ibi tí wọ́n ti lè rí ìròyìn nípa afẹ́fẹ́ àdúgbò wọn. Àti pé àwọn oníṣègùn kì í sọ ewu rẹ̀ fún àwọn aláìsàn. Ẹ̀kẹta yìí ni ó dunni jù. Adájọ́ ti sọ tẹ́lẹ̀ pé a kò sọ fún ìyá ọmọ náà, àti pé bí a bá ti sọ fún un ni, ó ṣeé ṣe kí ìgbésẹ̀ tí yóò gbé gba ẹ̀mí ọmọ rẹ̀ là. Àwọn tí ń túmọ̀ irú ìwé báyìí sí Yorùbá fẹ́ràn láti kọ ‘ìlanilọ́yẹ̀’ tàbí ‘ìpolongo’. Wọ́n pàdánù kókó rẹ̀. Ìpolongo kò nílò ẹni kan pàtó tí a ń bá sọ̀rọ̀. A lè pariwo rẹ̀ lórí rédíò kí ó sì parí síbẹ̀. ‘A kò sọ fún un’ ni gbólóhùn tí ó tọ́, nítorí pé ó ní ẹni tí ó yẹ kí ó sọ, ó sì ní ẹni tí ó yẹ kí a sọ fún.

Àwọn ọ̀dọ́ mọ èyí ju àwọn olóṣèlú lọ. Ní ọdún 2021, ẹgbẹ́ kan tí àwọn ọmọ ilé ìwé ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù dá sílẹ̀, tí ó ń jẹ́ Choked Up, ṣe àmì ojú ọ̀nà bí irú èyí tí ìjọba ń ṣe, wọ́n gbé e sí àwọn àdúgbò tí ọkọ̀ pọ̀ sí, wọ́n sì kọ ọ́ sí i pé èémí mímí ń pani. Ní Gẹ̀ẹ́sì, àwàdà kíkorò ni. Ní Yorùbá, ó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Láti inú ‘mí’ kan náà ni ‘èémí’ àti ‘ẹ̀mí’ ti jáde. Ẹni tí ó bá ní èémí ń pani ti sọ pé ohun tí a fi wà láàyè ni ó ń gba ẹ̀mí. Àmì kékeré yìí ṣe iṣẹ́ tí páálí Ringelmann kò lè ṣe, nítorí pé ó fi ohun tí kò ní àwọ̀ han ojú.

Ìlànà tí ìlú fi dáhùn ni pé kí ọkọ̀ tí èéfín rẹ̀ burú máa san pọ́n-ùn 12 ààbọ̀ lójúmọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ ní àárín ìlú ní ọdún 2019. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2021, a fẹ̀ ẹ́ dé ọ̀nà North Circular àti South Circular, ṣùgbọ́n a kò ka àwọn ọ̀nà méjèèjì fúnra wọn mọ́ ọn. Ọ̀nà tí ó wà lẹ́bàá ilé Ella di ààlà: ọkọ̀ eléèéfín tí ń sá fún owó lè máa gbà á kọjá lọ́fẹ̀ẹ́. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2023 ni ìlànà náà tó ká gbogbo Lọ́ńdọ̀nù.

Àwọn tí ó takò ó pè é ní owó orí, wọ́n sì ba ọ̀pọ̀lọpọ̀ kámẹ́rà rẹ̀ jẹ́. Àwọn ìgbìmọ̀ ìbílẹ̀ 5 gbé e lọ sí ilé ẹjọ́. Wọ́n pàdánù ní oṣù Keje ọdún 2023. Kò yẹ kí a fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà. Ẹni tí ń fi ọkọ̀ ògbólógbòó lọ ṣe iṣẹ́ òru kì í ṣe ọlọ́rọ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì jẹ́ ọmọ Yorùbá tí ń gbé ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà kan náà tí wọ́n sì ń mí afẹ́fẹ́ kan náà. Ṣùgbọ́n orúkọ tí wọ́n pè é kò tọ́. Kò sí ẹni tí ó lè sá fún owó orí. Owó yìí ṣeé sá fún bí a bá pààrọ̀ ọkọ̀. Owó ibodè ni Yorùbá ìbá pè é. Ibodè wà ní ẹnu odi ìlú láyé àtijọ́, oníbodè a sì máa gba owó lọ́wọ́ ẹni tí ó gbé ẹrù wọlé. Ohun tí ó yí padà ni pé èyí kò wo ohun tí ọkọ̀ gbé wọlé. Ohun tí yóò fi sílẹ̀ lẹ́yìn ni ó ń wò. Bí a bá ti fi orúkọ yìí bá àwọn ènìyàn sọ̀rọ̀, ìjiyàn ìbá ṣì wà, nítorí pé a kì í fẹ́ràn oníbodè, ṣùgbọ́n orí ohun tí ó wà nílẹ̀ gan-an ni à bá ti máa jiyàn.

Nílé, ọ̀rọ̀ tí àwọn akọ̀ròyìn ń lò kò tíì tó. ‘Ìyípadà ojú-ọjọ́’ ti di orúkọ tí gbogbo wọn gbà, ṣùgbọ́n ojú-ọjọ́ ń yí padà ní àárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, kò sì sí àgbẹ̀ tí yóò tìtorí èyí fò sókè. Ohun tí ó yẹ kí àgbẹ̀ gbọ́ ni pé àsìkò òjò fúnra rẹ̀ kò dúró sí ibi tí bàbá rẹ̀ mọ̀ ọ́n sí mọ́. ‘Afẹ́fẹ́ burúkú’, tí àwọn mìíràn ń kọ, léwu ju ìyẹn lọ: etí Yorùbá gbọ́ ọ bí ohun tí ayé rán, ìbéèrè yóò sì kúrò lórí mọ́tò, yóò bọ́ sí ọ̀dọ̀ ìyàwó bàbá. ‘Afẹ́fẹ́ olóró’ sàn ju méjèèjì, nítorí pé oró a máa ní orísun tí a lè wá lọ. Ní Èkó, ẹ̀rọ iná kékeré kan wà tí àwọn ènìyàn fi àwàdà sọ ní orúkọ tí ó túmọ̀ sí ‘mo sàn ju aládùúgbò mi lọ’. Kò sí orúkọ tí ó fi ọ̀ràn èéfín hàn kedere tó bẹ́ẹ̀: iná ń tàn nínú yàrá ẹnì kan, ohun tí ó ń tú jáde sì ń gba ojú fèrèsé ẹlòmíràn wọlé. Àwọn tí ó sọ ọ́ ní orúkọ ń rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n sọ ọ́.

Ọ̀ràn Lewisham kò tíì parí tán. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2021, Àjọ Ìlera Àgbáyé dín ìwọ̀n eruku kíkúnná tí ó dámọ̀ràn kù láti 10 sí 5. Ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi 10 ṣe ibi tí òun fẹ́ dé ní ọdún 2040. Ọmọ tí a bí ní ọdún tí Ella kú yóò ti di ẹni ọdún 27 nígbà náà. Ní ọdún 2022, Jenny Jones gbé àbádòfin kan tí a fi orúkọ ọmọ náà pè wá sí Ilé Àwọn Ọlọ́lá, tí ó sọ afẹ́fẹ́ mímọ́ di ẹ̀tọ́ ènìyàn. Àwọn Ọlọ́lá fọwọ́ sí i, ṣùgbọ́n kò di òfin. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2024, ìjọba bá ìyá náà yanjú ẹjọ́ tí ó pè, wọ́n sì sọ fún un pé ó dùn wọ́n gidigidi nítorí àdánù rẹ̀. Níbí ni iṣẹ́ ògbufọ̀ ti le jù. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ṣoṣo ni ẹni tí ó wá kí ọlọ́fọ̀ àti ẹni tí ó ṣẹ̀ ẹ́ ń lò. Yorùbá kò fún ni ní irú ààyè bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá túmọ̀ ọ̀rọ̀ ìjọba náà gbọ́dọ̀ yàn: yálà kí ó kọ ‘ẹ kú ìrọ́jú’, tàbí kí ó kọ ‘ẹ forí jì wá’.